Ìwé Ìkéde Tó Wà Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀bù Wa

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ní ìlú Èkó kò ṣeé kà. Brọ̀dá Wásíù, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fótókópì tí mo wá tọrọ iṣẹ́ sí ní Àgọ́ Palace, gbé lẹ́tà kan síwájú mi, ó ní kí n tẹ ìlà kan péré kí òun wò ó. Mo jókòó, mo na ẹ̀yìn mi, mo gbójú sókè bí ẹni tó mọṣẹ́, nítorí pé nílé wa ní Kétu, lápá ilẹ̀ Faransé, mi ò kì í wo bọ́tìnnì kí n tó tẹ̀wé. Ìka mi sáré. Nígbà tí mo parí, mo yíjú sí i, mo ń retí ìyìn.

Brọ̀dá Wásíù bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó wò ó títí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "To zho; it ;qy concern."

"Àbúrò," ó ní, "èdè wo lèyí?"

Ìgbà yẹn ni mo tó wo bọ́tìnnì. Kíbọ́ọ̀dù náà kì í ṣe irú tiwa. Ibi tí A máa ń wà lọ́dọ̀ wa, Q ni wọ́n fi síbẹ̀. W àti Z ti pààrọ̀ àyè. M tiẹ̀ ti kó kúrò nílé pátápátá, ó ti lọ ń gbé nísàlẹ̀. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń rìn kiri Èkó, mo ti rí afárá ẹlẹ́sẹ̀ Òṣòdì àti bí èèyàn ṣe ń dà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnu sì ti yà mí títí ó fi rẹ̀ mí. Síbẹ̀, àfi ìgbà tí mo rí i pé A ò sí níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí ni mo tó gbà pé mo ti kúrò nílé.

Kí iṣẹ́ náà má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sáré sọ ohun tí mo rò pé ó máa gbà mí sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo ní lísáńsì."

"Lísáńsì kẹ̀? Dírẹ́bà kọ́ ni mò ń wá o. Fótókópì là ń ṣe níbí."

Nílé wa, lísáńsì ni ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá kàwé yanjú ní yunifásítì, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní Èkó, ìwé tí ọlọ́pàá ń bèèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ni. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n kí n máa wo bọ́tìnnì o. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Kútọnu. Kétu jìnnà sí Kútọnu, mo sọ fún un, ó ní kò burú, Kútọnu náà ni.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo dé sí ní Ṣógúnlé. Ìyá Mútíà ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ó ti fẹ́ ará Ìsẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́, aṣọ ìbùsùn ló ń tà ní Òṣòdì, ohùn Kétu sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì kan. Lójijì, ariwo bẹ̀rẹ̀ lókè, fèrèsé ń gbọ̀n, òjìji ńlá kan gba orí àgbàlá kọjá. Mo ti wà lábẹ́ tábìlì kí n tó mọ̀ pé mo gbéra. Ìyá Mútíà kò mira. Ó kàn dánu dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí bàálù náà kọjá tán, ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ibi tó fi í sí gan-an, bí ẹni tó dúró mí lásán.

"Dìde níbẹ̀," ó ní. "Mo ń sọ pé mo ti bá màmá ẹ sọ̀rọ̀. Ilé yìí ò tóbi, o rí i. Títí di Iléyá. Tó o bá ti ríṣẹ́ tó bá ìwé tó o kà mu kó tó di Iléyá, o ti di ará Èkó nìyẹn, a jọ máa wá yàrá fún ẹ. Tó ò bá rí i, wàá palẹ̀ mọ́, wàá padà lọ gba ẹ̀rọ ìlọta lọ́wọ́ màmá ẹ. Apá ń dùn ún."

Mo ní mo gbọ́, mà. Ẹ̀rọ ìlọta kì í ṣe ohun ìtìjú. Òun ló rán mi lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni ọmọ tí màmá mi bí tó fẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ gíga, gbogbo àdúgbò wa ló sì mọ̀. Tí mo bá padà sídìí ẹ̀rọ, ẹ̀rín kọ́ ni wọ́n máa fi mí rín. Wọ́n máa káàánú mi ni, ìyẹn sì burú ju ẹ̀rín lọ.

Ìyá Mútíà kò fi mí sílẹ̀. Ó ń ràn mí lọ́wọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀: gbogbo ẹni tó bá kí ló ń sọ fún pé ọmọ àbúrò òun ní lísáńsì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Alájì kan tó ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi fi wá kan ilẹ̀kùn wa. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní òun ò rí obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì rí, àmọ́ tó bá jẹ́ pé mo lè rọra máa wà á, àwọn ọmọ ilé ìwé òun kò ju mẹ́rìnlá lọ. Ó pẹ́ kó tó yé e pé ìwé ẹ̀rí yunifásítì ni mò ń sọ.

Èdè kan náà là ń sọ. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Èkó nìyí, tó sì tún jọ mí lójú jù. Mo rò pé mò ń bọ̀ wá sí àárín àwọn èèyàn mi ni. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n gbọ́ tèmi, síbẹ̀ èèyàn á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, á fi ohun mìíràn sínú rẹ̀, á sì dá a padà fún mi. Tó bá jẹ́ pé Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ, ǹ bá ti mọ̀ pé mi ò gbọ́.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, màmá mi máa ń pè.

"Ṣé iṣẹ́ ìwé ẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe, Màámi."

Irọ́ kọ́. Láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ìwé ni mò ń kó sínú ẹ̀rọ fótókópì, ìwé ni mò ń kó jáde. Màmá mi á dúpẹ́, á ṣàdúrà, èmi á ṣe àmín. Tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, ojú á tì mí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Mo fẹ́ràn láti máa wò wọ́n. Wọ́n á wọlé mẹ́ta mẹ́rin, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Yorùbá, òyìnbó, pìjìn, wọn á sì gbọ́ ara wọn yé. Nílé wa, tí olùkọ́ bá wọlé ní yunifásítì, à ń kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ ni. Àwọn tibí ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí olùkọ́ wọn sọ, níwájú ẹ̀rọ fótókópì, pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Mo máa ń rò ó pé kí ni irú àwọn wọ̀nyí lè wá tí wọn ò ní rí.

Oṣù kejì mi níbẹ̀ ni yunifásítì kan nítòsí gbé iṣẹ́ wá fún Brọ̀dá Wásíù. Ìwé ìkéde ni, aláwọ̀ ewé, fún ètò kan tí wọ́n ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Lókè rẹ̀ gàdàgbà, wọ́n kọ "EMPLOYABILITY SKILLS PROGRAMME" síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ sì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí iyanrìn. A tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá kó o, Brọ̀dá Wásíù sì lẹ ẹyọ kan mọ́ ògiri wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, kí àwọn èèyàn lè rí bí iṣẹ́ wa ṣe mọ́ tó. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́, mi ò kà á. Òyìnbó mi kò dán mọ́rán nígbà yẹn, ibi tí A wà ni mò ń wá kiri.

Bùkọ́lá ló mú kí n kà á. Ọmọ Àjàó Estate ni, ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì náà, ó tín-ínrín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yá bí ẹni tó fẹ́ lọ wọkọ̀. Ó gbé ìwé ìbéèrè kan wá pé kí n bá òun tẹ̀, ti pùrójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nípa àwọn ètò tí yunifásítì ń ṣe láti múra wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́: bí wọ́n ṣe ń kọ sífíì, bí wọ́n ṣe ń dáhùn níwájú àwọn tó fẹ́ gbani síṣẹ́, bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ láìjà.

"Àǹtí Kútọnu, ẹ bá mi fi sórí káńtà yín," ó ní. "Àwọn tó ń dúró de fótókópì, kí wọ́n máa fi pa àkókò."

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níwájú mi nìyẹn. Ìbéèrè kẹrin ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀: ṣé o mọ ètò kankan bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì rẹ? Ọmọkùnrin kan tó ga dáadáa fara ti ògiri, ó mú báírò lọ́wọ́, ó kà á sókè.

"Rárá jàre. Ètò wo? Sùkúù wa ò rí tiwa rò."

Ó fi àmì sí Rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára ìwé aláwọ̀ ewé tó ń kéde irú ètò bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó fara tì í débi pé igun rẹ̀ kan ká.

Ẹnì kejì tún kọ Rárá. Ẹnì kẹta bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí, mo ka gbogbo wọn fún Bùkọ́lá, àwọn tó kọ Bẹ́ẹ̀ ni kò kún ọwọ́ kan. Gbogbo wọn ló sì dúró síwájú ògiri yẹn. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá rí ẹni tó ń wá fìlà tó wà lórí rẹ̀, tí kì í ṣe ẹnì kan, tó jẹ́ gbogbo ìlú.

Nígbà tí ọmọkùnrin gíga yẹn tún padà wá, mi ò lè mú un mọ́ra.

"Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀yìn yín."

Ó yíjú. Ó wò ó. "Èyí? Mo ti rí i tipẹ́ nàá. Síkíìlì nìyí. Wọ́n fẹ́ kọ́ wa ní ọṣẹ ni."

"Ọṣẹ?"

"Ọṣẹ olómi. Àti ìlẹ̀kẹ̀, àti mékọ́ọ̀pù. Síkíìlì nìyẹn ń jẹ́. A ti ṣe é lọ́dún kejì wa, gbogbo aṣọ mi ló bàjẹ́. Àbúrò mi obìnrin ló yẹ kó lọ, èmi ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì."

Bùkọ́lá wà níbẹ̀. Ó mú ìwé ìbéèrè rẹ̀, ó tún ìbéèrè kẹrin kà. Brọ̀dá Wásíù náà ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà rò pé ọṣẹ ni.

Nígbà náà ni mo rántí Alájì tó fẹ́ kí n wa bọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un. Ìyá Mútíà sọ lísáńsì, lísáńsì ló gbọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí náà, ojú wọn kò fọ́, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà sì mú wọn lọ sí ibòmíràn. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń rò pé èmi nìkan ni àlejò ní Èkó, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ náà ń ṣi ọ̀rọ̀ ara wọn gbọ́.

Mo jókòó, mo sì ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní àárín àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, pé ó wà fún ẹni tó wà lọ́dún tó kẹ́yìn àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, láti yunifásítì yòówù kó ti wá. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mo sọ fún Brọ̀dá Wásíù pé mi ò ní lè wá lọ́jọ́ Sátidé.

Gbọ̀ngán yunifásítì náà tutù bí inú fìríìjì. Àga tí mo bá níbẹ̀ tó ti ìgbéyàwó, àwa tá a jókòó kò sì ju mọ́kànlá lọ. Obìnrin tó dúró níwájú wọ bàtà pẹlẹbẹ, irun rẹ̀ ti ń funfun létí, gbogbo wọn ń pè é ní Dókítà. Ó ní kí a máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù sọ nípa ara rẹ̀, bí ẹni pé òun fẹ́ gbà wá síṣẹ́.

Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ṣé mo lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Dókítà ní kí n máa sọ ọ́. Mo bá sọ orúkọ mi. Mo sọ orúkọ bàbá mi, ti bàbá tó bí i, àti agboolé wa ní Kétu. Mo sọ ibi tí wọ́n ti gbé màmá mi wá, mo sọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣógúnlé. Mo ti fẹ́ máa ka àwọn àbúrò mi nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn. Kí ni wọ́n ń rín? Ohun tí à ń sọ nílé wa nìyẹn tí wọ́n bá ní ta ni ẹ́.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "O ti sọ ibi tó o ti wá," ó ní. "Mo sì mọ̀ ẹ́ báyìí ju àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lọ. Ó ku ẹyọ kan. Kí lo lè ṣe?"

Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, ní Kétu tàbí ní Èkó. Ìwé wo lo ní, ìyẹn ni wọ́n ń bèèrè. Mo wo ìka mi.

"Mo lè tẹ̀wé láìwo bọ́tìnnì, mà. Lórí kíbọ́ọ̀dù ti Faransé, àti ti ibí. Èyí tó bá wù yín."

Ẹ̀rín náà dá. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Méjèèjì?" Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. Èmi fúnra mi ló yà lẹ́nu jù, nítorí mi ò tíì mọ̀ títí mo fi sọ ọ́ pé ìka mi ti kọ́ ilé tuntun láìgbàgbé ti àtijọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹsẹ̀ rìn títí mo fi dé Àgọ́ Palace, bàálù kan kọjá lórí mi, mi ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Òfin kan wà nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí Brọ̀dá Wásíù kọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ohun tí oníbàárà bá kọ ni kó o tẹ̀. Kódà kó ṣi orúkọ bàbá rẹ̀ kọ, tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tún iṣẹ́ oníbàárà ṣe láìgbàṣẹ, ilé ni yóò máa lọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí a tún ìwé aláwọ̀ ewé náà tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, mo dì í, mo kó o fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo mú ẹyọ ìwé kan tó ti bàjẹ́ lẹ́yìn, mo sì tẹ tèmi. Mo yọ síkíìlì kúrò lókè. Bùkọ́lá bá mi tún òyìnbó rẹ̀ ṣe, èmi kọ Yorùbá rẹ̀ sábẹ́: WỌ́N NÍ KÓ O SỌ NÍPA ARA RẸ. KÍ LO MÁA SỌ? Mo fi ọjọ́ Sátidé sí i, mo fi ọ̀fẹ́ sí i lẹ́tà gàdàgbà, mo sì kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé: kì í ṣe ọṣẹ o. Mo lẹ̀ ẹ́ lé ti àkọ́kọ́ lórí.

Ọmọkùnrin gíga yẹn ló kọ́kọ́ dúró síwájú rẹ̀. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un kà. Ó yọ fóònù, ó yà á ní fótò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni méje ti yà á. Bùkọ́lá ní ó ti dé gbogbo gúrúùpù tí òun wà lórí Wátsáàpù, pé ọ̀rẹ́ òun tó wà ní Ìsọlọ̀ fi ránṣẹ́ sí òun bí ẹni pé òun ò mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ò balẹ̀. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó tẹ̀lé Sátidé náà, Dókítà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó gbé fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo ògiri, ó ń wo fóònù.

"Ta ló kọ èyí?"

Brọ̀dá Wásíù dìde kíá. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ dákun, mà. Ọmọ Kútọnu ni, kò gbọ́ òyìnbó dáadáa. Èmi ló yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. A máa tún tiyín tẹ̀, ẹ ò ní san nǹkan kan."

Ó ń gbèjà mi ni, mo mọ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó fi àìgbọ́ òyìnbó gbà mí sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni mà. Mo gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn tó yẹ kó wá ni kò gbọ́ ọ, mà. Wọ́n rò pé ọṣẹ ni."

"Ọṣẹ kẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo fi ìwé ìbéèrè Bùkọ́lá hàn án, gbogbo Rárá yẹn, mo sì fi ibi tí wọ́n dúró sí hàn án. Dókítà jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé.

"Ọdún mẹ́ta," ó ní. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bínú sí àwọn ọmọ yìí. Mo ní wọn ò bìkítà. Ní Sátidé, a wá àga tì, àwọn kan jókòó sílẹ̀, mo rò pé wọ́n ṣìnà ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Dìde, ìwọ ọmọ yìí. Ìwọ lo ní kíbọ́ọ̀dù méjì, àbí?"

Ó ní ọ́fíìsì òun ń wá ẹni tí yóò máa kọ irú nǹkan báyìí, tí yóò máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ kí òun tó tẹ ohunkóhun. Oṣù mẹ́fà ná, wọ́n á máa sanwó, tí mo bá ṣe é dáadáa wọ́n á gbà mí pátápátá. Íńtáànì ló pè é. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo sì ti kọ́gbọ́n, mo bi í léèrè kí n tó dáhùn. Nígbà tó ṣàlàyé tán, mo rí i pé ohun tí a ń pè ní sítáàjì nílé wa ni, tí mo wá títí ní yunifásítì wa tí mi ò rí. Ó bèèrè bóyá mo ní ìwé ẹ̀rí. Mo ní mo ní i, mà, láti yunifásítì. Mi ò dárúkọ lísáńsì.

Nígbà tó lọ tán, Brọ̀dá Wásíù ń nu ẹ̀rọ tí kò dọ̀tí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kútọnu, o ti rú òfin mi. Ilé ni wàá máa lọ." Ó wá rẹ́rìn-ín. Èmi sunkún.

Ìyá Mútíà ti bá mi wá yàrá kan sí ìkángun òpópónà wọn. Ó sì ń sọ fún gbogbo Ṣógúnlé báyìí pé lísáńsì ọmọ àbúrò òun kì í ṣe ti mọ́tò o, ti ọ́fíìsì ni. Mo ti ń gbọ́ ara mi tí mò ń dánu dúró nígbà tí bàálù bá ń kọjá, tí mo sì ń mú ọ̀rọ̀ mi láti ibi tí mo fi í sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, màmá mi pè.

"Ṣé iṣẹ́ ìwé ẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀, Màámi. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè."

Ó gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà nínú ohùn mi. Ó pariwo pe àwọn àbúrò mi, gbogbo wọn bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ ìlọta ń kù lẹ́yìn wọn. Mo sọ fún un pé mò ń bọ̀ nílé fún Iléyá, kí wọ́n dúró dè mí kí wọ́n tó pa àgbò.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí ó ń bi gbogbo àlejò tó bá fẹ́ wá sílé wa, ìbéèrè tí kò bi mí rí láti ọjọ́ tó ti bí mi.

"Ọjọ́ mélòó lo máa lò?"